Ìbọn Tí Maialen Ní Kó Fúyẹ́

Ọ̀dọ́ àgùntàn méje ni kóyótè, ajá igbó kan, ti pa láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Èyí tó kẹ́yìn ṣì gbóná nígbà tí Maialen Urruty dé ìdí rẹ̀ nínú koríko tútù. Ìyá ọ̀dọ́ àgùntàn náà dúró tì í, ọmú rẹ̀ kún, ó ń fi ẹsẹ̀ kan gbá ilẹ̀ bí ẹni tó ń kan ìlẹ̀kùn.

Ohun tó dun Maialen jù ni pé ó rí ajá igbó náà lójúkojú. Ilẹ̀ ti mọ́. Kò jìnnà. Ó gbé ìbọn Beñat, ọkọ rẹ̀, sójú, apá òsì rẹ̀ sì já a kulẹ̀. Láti ọdún tí àgbò kan ti gbá a mọ́ ọgbà ni èjìká yẹn kò ti lè gbé ohun tó wúwo pẹ́. Ẹnu ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ń wo koríko. Kóyótè náà yí padà, ó wò ó, ó sì rìn lọ. Kò tilẹ̀ sáré.

Beñat ti kú láti Oṣù Kọkànlá. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Ganix ẹ̀gbọ́n Beñat, tí òun pẹ̀lú wọn jọ ni ilẹ̀ àti agbo, jókòó ní tábìlì ìdáná, ó di fìlà rẹ̀ mú lórí orúnkún.

"Maialen, agbo yìí ju agbára ẹnìkan lọ," ló wí. "N kò fẹ́ kí n tún wá sìnkú níbí. Lọ́jọ́ ìgérù, bí ìrù bá pé ọ̀ọ́dúnrún, agbo dúró. Bí kò bá pé, a ó tà wọ́n."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Lọ́jọ́ ìgérù, gbogbo aládùúgbò máa ń wá, wọ́n á gé ìrù àwọn ọ̀dọ́ àgùntàn, wọ́n á kó o jọ sílẹ̀, wọ́n á sì kà á. Ìrù kan, ọmọ kan. Ènìyàn lè ṣì agbo tó ń rìn kà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá òkìtì ìrù jiyàn. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá ni wọ́n bí. Ó ku mẹ́rin péré tí Maialen lè pàdánù, ọjọ́ ìgérù sì ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó gbé ìbọn náà sínú ọkọ̀, ó wà á lọ sí ìlú Buffalo.

Odell Strand, ọ̀rẹ́ Beñat, ló ń tún ìbọn ṣe nínú gáréèjì kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì tíì fá irùngbọ̀n rẹ̀ láti ìgbà tí Maialen ti mọ̀ ọ́n.

"Ìyàwó Beñat! Ta lo fẹ́ yìnbọn fún?"

"Bí o kò bá ṣe é dáadáa, ìwọ ni."

Odell rẹ́rìn-ín, ó gba ìbọn náà, ó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó sì mi orí. Iwájú ló ti wúwo: ìdìmú tó bo ọ̀pá ìbọn, níbi tí ọwọ́ òsì ń dì mú kí irin gbígbóná má bàa jó o. Beñat ti fi èyí tó nípọn sí i, tí eyín irin tò sí lára láti òkè délẹ̀ bí ẹ̀yìn ọ̀nì.

"Apá rẹ̀ ló ṣe é fún," ni Odell wí. "Apá rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tábìlì." Ó yí ojú sí òṣùwọ̀n náà. "Má bínú."

"Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́."

Ó to ìdìmú mẹ́ta mìíràn sórí tábìlì. Kò jẹ́ kí Maialen fi ojú yàn wọ́n. Bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ènìyàn nìyẹn: ó de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ iwájú ìbọn tí kò ní ọta, ó ní kí Maialen pa ojú dé, kí ó gbé e dúró, òun á sì mu kọfí. Nígbà tí ó bá gbé ife sílẹ̀, kí ó la ojú, kí ó wo ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí. Èkínní ti wo ilẹ̀ kí Odell tó mu ẹ̀ẹ̀mejì. Èkejì, tí ó jẹ́ alumíníọ́mù tín-ín-rín, wo ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹ̀kẹta jẹ́ kábọ́nù, ohun dúdú tí wọ́n ń hun bí aṣọ tí wọ́n sì ń fi oje gbígbóná mú le. Nígbà tí Maialen la ojú, ẹnu ìbọn wo àárín ìlẹ̀kùn.

"Èyí ni," ló wí. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Lu ihò sí i lára kí ó tún fúyẹ́."

"Ihò wà lára rẹ̀."

"Lu sí i."

Odell fi fáìsì, ẹ̀mú irin orí tábìlì rẹ̀, di ìdìmú náà mú, ó gbé dírílì, ó lu ìlà ihò méjì. Maialen gbé e wò. Ó ní kí ó tún lu méjì. Odell lù wọ́n. Ó ní kí ó tún lù.

"Maialen, asẹ́ lèyí ń dà. Ohun tí mo bá yọ, n kò lè dá a padà o. Alumíníọ́mù yẹn wúwo díẹ̀, àmọ́ ó le."

"Ṣé apá tìrẹ ni? Lù ú!"

Ó lù ú. Maialen fúnra rẹ̀ gé awọ ìbọ̀wọ́ Beñat, ó rán an yí ibi tí ìka rẹ̀ ń bọ́ sí. Lẹ́yìn gáréèjì, wọ́n gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹyọ owó kan lè bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára páálí tó yìn ín sí. Odell súfèé. Maialen wa ọkọ̀ lọ sílé, ó ń kọrin. Kò kọrin láti Oṣù Kọkànlá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró létí ọgbà. Ó gbé iwájú ìbọn lé orí òpó, ó fi gbogbo ara tì í, nítorí pé bí ìdìmú ti fúyẹ́ tó, apá náà ṣì ń gbọ̀n. Kóyótè náà dé. Ó fara balẹ̀, ó yìn ín. Erùpẹ̀ fò lápá ọ̀tún ẹranko náà. Ó tún yìn ín, ó tún ṣì í. Lọ́sàn-án, ó rí òkú ọ̀dọ́ àgùntàn méjì.

Báyìí ni ó rí ní ọjọ́ kẹta, ní ọjọ́ kẹrin, ní ọjọ́ karùn-ún. Ó tún dán ìbọn náà wò lórí àpò iyanrìn nínú àgbàlá, ọta lọ tààrà. Ó padà sí òpó, ó ṣì í. Nígbà náà ló gbà pé ìbọn kò ṣẹ̀, pé òun ni. Bóyá ojú rẹ̀ ni. Bóyá ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé. Bóyá nǹkan kan nínú rẹ̀ ti bá Beñat lọ sínú ilẹ̀, tí kò sì sí ohun tí ó lè ṣe sí i. Kò jẹun dáadáa mọ́. Ó ń dúró létí ọgbà láti ìgbà tí ojú ọ̀run bá ti pọ́n, ó ń gbàdúrà pé kí ajá igbó náà wá, ó sì ń gbàdúrà pé kí ó má wá.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mẹ́tàdínlógún ti lọ lórí méje àkọ́kọ́. Ìrù kò lè pé ọ̀ọ́dúnrún mọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ó jókòó ní ìdáná lórí àga Beñat, ó yọ ọta kúrò nínú ìbọn, ó gbé e lé tábìlì kí ó lè nù ún. Bí ó ti fẹ́ dìde, ó fi ọwọ́ ti ìdìmú náà láti fi gbé ara rẹ̀ sókè.

*Tín.*

Ó dúró. Ó tún fi ọwọ́ tì í. *Tín.* Ó wá iná, ó tàn án gba inú àwọn ihò náà. Kókó irin kékeré kan wà lórí ọ̀pá ìbọn, tó ń gba èéfín ọta padà sẹ́yìn. Gbogbo ara rẹ̀ dúdú, àfi ẹ̀gbẹ́ kan tó ti bó, tó ń dán bí ojú abẹ.

Ó pe Odell lórí fóònù.

"Lórí àpò iyanrìn, n kì í fara tì í. Bí mo bá fara tì í, ó ń tẹ̀," ló wí. "Ó ń tẹ̀ lọ kan irin inú. Ó ń ti ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Odell ní kí ó tún tì í, ó gbọ́ bí ó ti dún. "Ihò yẹn ti pọ̀ jù."

"Èmi ni mo ní kí o lù ú."

"Gbé e wá kí n fi alumíníọ́mù sí i."

"Omi ti bo ọ̀nà. N kò lè dé Buffalo kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, má jẹ́ kí iwájú rẹ̀ kan nǹkankan mọ́. Abẹ́ ìdí rẹ̀, níbi tí irin ti nípọn, ni kó o gbé lé nǹkan. O máa ní láti dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀."

"Irú obìnrin wo lo rò pé mo jẹ́?"

"Ìyàwó Beñat," ni Odell wí jẹ́ẹ́.

Ó dùbúlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó na gbalaja lórí ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ àgùntàn, ó ká ẹ̀wù òtútù rẹ̀ sábẹ́ ìdí ìbọn, ó sì tẹ́ apá òsì rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Omi wọ àyà rẹ̀. Ó ń ronú pé asán ni, pé àwọn ìrù náà ti dín, pé òun ń jà fún ohun tó ti bọ́. Síbẹ̀ kò dìde. Nígbà tí kóyótè náà jáde láti inú igbó kékeré, tó dúró láti gbóòórùn, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan.

Ẹranko náà ṣubú síbi tó dúró sí. Abo ni, ọmú rẹ̀ kún. Maialen kúnlẹ̀ tì í, kò sì mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn aládùúgbò dé. Wọ́n gé ìrù títí oòrùn fi kàn wọ́n lórí. Ganix fúnra rẹ̀ ló kà wọ́n, ó ń tò wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá lórí pákó, ẹ̀jẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Igba ó lé mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún," ló wí. Kò gbé ojú sókè. "Ó ku mẹ́tàlá, Maialen."

"Mo mọ̀. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹyọ kan kò kú."

"Ohun tí a sọ kọ́ nìyẹn. Ìrù la sọ."

"Ẹ wá wo nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n."

Ó gbé ìbọn náà fún un, kò ní ọta. Ó fi ibi tó bó hàn án láàárín àwọn ihò. Ganix fi àtàǹpàkò ti ìdìmú náà, ó gbọ́ bí ó ti dún, ó tún tì í.

"Ta ni ọ̀dẹ̀ tó lu gbogbo ihò yìí? Odell?"

"Odell kọ̀. Èmi ni mo fipá mú un. Mo pa mẹ́tàdínlógún nínú wọn pẹ̀lú ìkánjú mi. Ẹ lè kà wọ́n sí mi lọ́rùn. Àmọ́ mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, n kò sì ní ṣe é mọ́."

Ọkùnrin arúgbó náà wò ó. Àwọn ọ̀dọ́ àgùntàn ń ké nínú ọgbà, àwọn ìyá wọn ń dá wọn lóhùn, ariwo náà gba gbogbo àfonífojì.

"Beñat ì bá ti ní Odell ló bà á jẹ́," ni Ganix wí nígbẹ̀yìn. "Títí tó fi máa kú, ì bá máa sọ pé Odell ni." Ó dá ìbọn padà fún un. "Alumíníọ́mù ni kó o gbà. Bó bá wúwo, dùbúlẹ̀."

"Agbo ńkọ́?"

"Yìnyín ti ń yọ́ lórí òkè. Bó bá di ọjọ́ Ajé, máa dà wọ́n lọ síbi koríko ẹ̀ẹ̀rùn. N ó rán ajá mi tẹ̀lé ọ."

Maialen bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kó àwọn ìrù náà sínú garawa pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, nígbà tó sì yá, Ganix bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní òdìkejì pákó, ó ń bá a kó wọn.