Igi Àgbọn Mẹ́rin Nínú Ọkọ̀

"Bàbá Olúwakẹ́mi, igi àgbọn yẹn, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Lábísí ló ń bi ọkọ rẹ̀. Kòkúmọ́ bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ igi kẹta sínú ọkọ̀ tuntun náà, ó tò ó ti méjì tó ti wà níbẹ̀. Bàrúwà ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó gbé ìkẹrin léjìká, yára sọ tirẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́.

"Mo ní kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Àbí adití ni mo ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìdáná ni," Kòkúmọ́ wí. Kò gbójú sókè.

"Ìdáná! Tíṣà Cornelius ní kí ẹ gbẹ́ ọkọ̀ wá fóun, ẹ ń kó igi ìdáná lọ bá a. Ẹ ò kúkú kó ẹyín iná náà dání!"

Lábísí sọ ìdì ìgbòkun tó rù sílẹ̀ gbì. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá gbẹ́nàgbẹ́nà ọkọ̀ gbé. Obìnrin tó bá sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ létí odò Yewa, nísàlẹ̀ Ìpókíá níbẹ̀, kò ní ṣàì mọ iṣẹ́ igi àgbọn tí wọ́n gé róbótó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, kí ọkọ̀ lè máa yí lórí rẹ̀ bí wọ́n bá ń wọ́ ọ gun iyanrìn. Lórí odò àti lórí ọ̀sà, ta ló ń wọ́ ọkọ̀? Omi ló ń gbé e. Iyanrìn kan ṣoṣo tó wà lọ́nà ọ̀hún ni èyí tó là ọ̀sà sọ́tọ̀ kúrò lára òkun.

"Òkun lẹ fẹ́ gbà," ó wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, èyí sì burú ju ariwo lọ. "Ẹ fẹ́ la ọ̀sà kọjá, kí ẹ wọ́ ọkọ̀ gun iyanrìn, kí ẹ ti ọmọ ọlọ́mọ sójú òkun."

Bàrúwà wúkọ́. "Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí. Òkun ń sùn ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

"Ẹ̀gbọ́n Bàrúwà, ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́! Ẹ̀yin tí ẹ dákú nínú ìkùdù lọ́jọ́ sí, ẹ̀yin lẹ wá mọ ìgbà tí òkun ń sùn!"

Bọ́dà ló fa gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìjọba ti ti bọ́dà pa, tí wọ́n tún ní kí epo bẹntiróòlù má dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé nítòsí ẹnubodè mọ́, ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ gbogbo. Ni àwọn èèyàn bá rántí ìgbòkun tí àwọn bàbá wọn ń ta sí atẹ́gùn. Tíṣà Cornelius, tó fẹ̀yìn tì nílé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ìlaròó, tó wá lọ ń gbé létí ọ̀sà lápá Àgbádárìgì, ránṣẹ́ pé kí Kòkúmọ́ gbẹ́ ọkọ̀ onígbòkun kan fóun, tí yóò máa kó àwọn ọmọ ilé ìwé sọdá. Kòkúmọ́ gbẹ́ ọkọ̀, Lábísí rán ìgbòkun. Ó ń rán an, ó ń kọrin sí i, bí ẹni ń rẹ ọmọ. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọkọ̀ náà ń dán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọ̀sà ni. Ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ tí wọ́n fi ń pàtẹ ata.

"Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ," Lábísí ń na ìka sí ìdí ọkọ̀. "Ìgbì kan péré ni yóò da á dojú dé. Ṣé ẹ ti gbàgbé Ọlájídé ni? Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ọmọ tí wọ́n bí sétí òkun! Fìlà rẹ̀ nìkan ni omi dá padà fún wa."

"N kò gbàgbé."

"Kí ló wá dé?"

"N kò ní gba ibẹ̀ yẹn mọ́ ni."

Kò sọ ibi tó jẹ́, Lábísí kò sì bi í. Ó mọ̀ ọ́n. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ti sọ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ kò là á lẹ́nu. Lórí ọ̀sà, níbi tí àwọn aṣọ́bodè, àwọn aláṣọ ìjọba, kọ́ ahéré sí tí wọ́n ti ń tú ẹrù wò, wọ́n bá gálọ́ọ̀nù epo kan nínú ọkọ̀ Kòkúmọ́. Wọ́n ní kó bọ́ sómi. Wọ́n ní kó di etí mú, kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ! Ìyá ọkọ Olúwakẹ́mi, àna rẹ̀, wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé tirẹ̀, ó ń wò ó. Láti ọjọ́ náà, ìtìjú kò jẹ́ kí Kòkúmọ́ kọjú sí ẹnu ọ̀nà jẹun mọ́.

"Bí òkun bá máa pa mí, kó pa mí," ọkùnrin náà bú jáde lójijì, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. "Òkun kò ní ní kí n di etí mú!"

Ìbínú Lábísí yí padà nínú rẹ̀ bí ọbẹ̀ tí wọ́n fi ìpọnbẹ̀ rò. Kò dín, ó kàn gba ibòmíràn ni. Ó gbé ìdì ìgbòkun padà, ó sọ ọ́ sínú ọkọ̀, ó sáré wọlé lọ mú àpò aṣọ rẹ̀, ó sì padà wá jókòó sáàárín ọkọ̀, lórí igi àgbọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" Kòkúmọ́ bi í.

"Mò ń bá yín lọ ni. N kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí odò ti bọ́ sọ́sà, ẹ yan ọ̀nà tó bá wù yín, òkun tàbí ọ̀sà. Èyí tí ẹ bá yàn fún ara yín, ẹ yàn án fún èmi náà."

"Lábísí, sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ wá gbé mi."

Obìnrin tó síngbọnlẹ̀ ni. Bàrúwà yẹ̀ ẹ́ wò, ó yẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò, ó sì di ọ̀pá ìtukọ̀ mú. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ó wí. "Èyí kọjá agbára ọkùnrin méjì."

Wọ́n dé ẹnu ọ̀sà nígbà tí oòrùn ti ń ta. Níwájú wọn gan-an, lódìkejì omi, iyanrìn funfun náà nà gbọọrọ, wọ́n sì ń gbọ́ òkun lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bú ramúramù. Kò sùn rárá. Kòkúmọ́ dúró nídìí ọkọ̀, ó kọjú sí iyanrìn náà, ọkọ̀ sì ń fì lójú kan. Lábísí kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì di igi tó jókòó lé mú. Nígbà tó pẹ́, Kòkúmọ́ tutọ́ sómi, ó ní kí Bàrúwà ta ìgbòkun, ó sì yí orí ọkọ̀ sí ọ̀nà ọ̀sà. Ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀ omi bí ẹni ń gún ejò.

Ọkọ̀ bíi mélòó kan ti wà nílẹ̀ níwájú ahéré àwọn aláṣọ, wọ́n ń dúró kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Ọmọkùnrin kan nínú àwọn aláṣọ náà, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì mọ ibi tí yóò hù sí, na ọwọ́ sí wọn.

"Kí lẹ kó?"

"Ọkọ̀ la kó," Bàrúwà dáhùn.

"Kí ló wà nínú ọkọ̀?"

"Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi. Bí ẹ bá lè gbé e, ẹ gbé e."

Ọmọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bí ojú rẹ̀ ṣe lọ sókè. "Ọ̀gá, ẹ wò ó! Ìrẹsì òkèèrè tí ìjọba fòfin dè!"

Ìgbà náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú ọkọ̀ tó gbójú sókè wo ìgbòkun wọn. Kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan mìíràn rán ìgbòkun lágbègbè wọn ju àpò ìrẹsì lọ. Ó fúyẹ́, kì í mumi. Ó ti mọ́ wọn lójú débi pé wọn kì í rí i mọ́. Àwòrán àkùkọ pupa tò lọ sókè lórí ìgbòkun náà, pẹ̀lú èdè Faransé lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ẹ́ kọ kùkùrúùkúù fún gbogbo ayé.

Ọ̀gá wọn jáde láti inú ahéré, ó sanra, ó ń fi igi ta eyín. "Ìrẹsì ọ̀hún dà?"

"Ọdún tí ọmọ mi lọ sílé ọkọ la ti jẹ ẹ́," Lábísí wí. "Bí ẹ bá fẹ́ mú un, ẹ lọ bá ṣalángá."

Ẹ̀rín bú nínú àwọn ọkọ̀ yòókù. Ojú ọ̀gá náà le, ó sì bọ́ sára Kòkúmọ́. "Àá! Ṣé kì í ṣe bàbá elépo yìí? Bàbá, ẹ ò kúkú nílò àlàyé. Ẹ bọ́ sómi."

Kòkúmọ́ fi ọwọ́ kan gbá ọ̀pá mú. Lábísí rí i. Ó rí bí ọwọ́ náà ṣe ń yọ́ lọ sísàlẹ̀, síbi tí èèyàn máa ń di igi mú bó bá fẹ́ fi lu ẹlòmíràn, ó sì rí ìbọn tó wà léjìká ọmọkùnrin nì.

Gbàmú! Lábísí ló bọ́ sómi. Omi dé àyà rẹ̀. Ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú.

"Màmá, a ò bá yín wí!"

"Ẹ bá mi wí. Ọkọ mi ni. Ẹ máa ka iye tí mo fò!" Ó fò, omi ta sára bàtà ọ̀gá. Ó tún fò. Orin sì jáde lẹ́nu rẹ̀, kò mọ ibi tó ti wá:

"Ẹ wá wo ọ̀pọ̀lọ́ tó ró aṣọ,
Ẹ wá wò ó o!
Ó bímọ, ó tọ́mọ, ó ń fò lódò,
Ẹ wá wò ó o!
Ọmọ ta ló ń kà á fún un?
Ẹ wá wò ó o!"

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn obìnrin inú ọkọ̀ yòókù ti ń gbè é. Wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i, ojú wọn sì wà lára àwọn aláṣọ, láti orí ẹnì kan bọ́ sórí èkejì. "Ẹ wá wò ó o!" Ọmọkùnrin nì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ọ̀gá," ó wí wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ìyá mi fi díẹ̀ ju màmá yìí lọ ni."

Ọ̀gá náà pòṣé. "Ẹ gé ìgbòkun yẹn sílẹ̀. Kí wọ́n máa lọ."

"Ẹ gé e!" Lábísí kígbe láti inú omi. "Ẹ gbé àpò òfìfo lọ, kí ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé ẹ mú ìrẹsì!"

Wọ́n gé e. Ọkùnrin méjèèjì fa Lábísí wọ inú ọkọ̀, wọ́n mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n sì tukọ̀ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú òpó ìgbòkun tó wà ní ìhòòhò. Lábísí pààrọ̀ ìró rẹ̀ sí èyí tó wà nínú àpò, ó fún ti tẹ́lẹ̀, ó sì so ó mọ́ òpó náà kó lè gbẹ. Ó ń sunkún, ìbínú ló ń sun.

Wọ́n ti fi ahéré náà sẹ́yìn dáadáa kí Kòkúmọ́ tó sọ̀rọ̀. "O fò bí ọ̀pọ̀lọ́ nítorí mi."

"Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Inú ṣì ń bí mi."

"Sí àwọn ni, àbí sí èmi?"

"Sí gbogbo yín. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi mí ṣe opó nítorí etí dídìmú!"

Atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ ti dé. Ìró tí Lábísí so sókè gba atẹ́gùn, ó wú, ọkọ̀ sì rọra sáré síwájú fúnra rẹ̀, débi pé Bàrúwà yọ ọ̀pá rẹ̀ kúrò nínú omi, ó ń wòran.

Kòkúmọ́ wo ìró náà. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Dìde díẹ̀." Lábísí dìde. Kòkúmọ́ fa igi àgbọn kan yọ lábẹ́ ibi tó jókòó sí, ó sì tì í sínú ọ̀sà. Ó mú ìkejì. Nígbà tó kan ìkẹrin, Lábísí bá a gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, wọ́n sì jọ jù ú nù.