Ẹni Tí Kò Béèrè Nọ́ḿbà Báǹkì

Láti ìgbà tí Fẹ̀yìntọlá, ìyàwó rẹ̀, ti kú ni Bàbá Níkẹ́ ti ka fóònù sí ọ̀tá. Wọn kò tíì sin obìnrin náà tán tí ẹnì kan fi pè, tó ní olóògbé jẹ ilé ìwòsàn lówó. Òmíràn pè, ó ní ọlọ́pàá ni òun. Rasaq, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Langley Park, fetí sí irú wọn, gbogbo owó tó fi iṣẹ́ takisí kó jọ sì bá wọn lọ. Ilé ìkẹ́rù kan ní Beltsville ni Bàbá Níkẹ́ fúnra rẹ̀ ń ṣọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ojú tó fi ń wo ẹnubodè nígbà náà ló fi ń wo fóònù báyìí.

Síbẹ̀, kò lè pa fóònù náà, nítorí ó ń retí ọ̀rọ̀ láti London. Kí wọ́n tó kó wá sí Maryland, Fẹ̀yìntọlá ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ níbẹ̀, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ń fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ owó-orí nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, òun náà sì ń san owó-orí lórí rẹ̀ níbí. Àdéhùn tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kò fàyè gba ìyẹn. Ó kọ̀wé sí London pé kí wọ́n dá èyí tí wọ́n yọ lọ́hùn-ún padà fún òun. Orí ibùsùn àìsàn ló ti buwọ́ lù ú.

"Òógùn mi ni," ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Bí mi ò bá sí, ẹ má fi sílẹ̀ fún wọn o."

Ìdí nìyí tí ibojì rẹ̀ kò tíì fi ní òkúta. Bàbá Níkẹ́ ti búra pé owó Fẹ̀yìntọlá ni yóò ra òkúta Fẹ̀yìntọlá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, fóònù dún. Nọ́ḿbà London ni. Obìnrin kan fi Gẹ̀ẹ́sì kí i, ó ní ọ́fíìsì owó-orí ni òun ti ń pè. Bí Bàbá Níkẹ́ ti dárúkọ ara rẹ̀, obìnrin náà yí èdè padà sí Yorùbá.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Morọ́láyọ̀ lorúkọ mi."

Ara Bàbá Níkẹ́ le. Ọ́fíìsì ìjọba Òyìnbó. Kí ni Yorùbá wá débẹ̀? Ta ló sì sọ fún un pé Màmá kú? Ó ti gbàgbé pé òun fúnra òun ló fi ìwé ẹ̀rí ikú ránṣẹ́ sí wọn.

"Kí lo fẹ́?"

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, sà. Bridget ló wà lórí ìwé ìfẹ̀yìntì. Fẹ̀yìntọlá ló wà lórí ìwé ẹ̀rí ikú. Ṣé èèyàn kan náà ni?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Máa bá a lọ. Lẹ́yìn Bridget, ibo ló kàn? Báǹkì?"

"Rárá, sà. Ẹ ti kọ ti báǹkì tẹ́lẹ̀. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ dá fáìlì yín padà. Mo rí orúkọ yẹn, mo ní ó lè jẹ́ orúkọ ìrìbọmi, kí n kúkú pè yín."

"O káre láé! Ṣé ìyá tó bí ọ mọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe? Òkú lo wá jà lólè! Ẹ kàwé, ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí iṣẹ́ mìíràn tẹ́ ẹ rí ṣe?"

Ohùn ọmọbìnrin náà wálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ má sọ nǹkan kan fún mi mọ́. Ẹ pe nọ́ḿbà tó wà lórí lẹ́tà wa, kí ẹ béèrè mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kó má kọjá Fúráìdè. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ti fáìlì náà."

"Olè!" Bàbá Níkẹ́ gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tí Níkẹ́ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, tòun ti aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, bàbá rẹ̀ ròyìn fún un bí ẹni tó pa ejò sílé.

"Dádì, ṣé ó béèrè nọ́ḿbà báǹkì?"

"Kò tíì dé ibẹ̀ tí mo fi gé e."

"Ṣé ó ní kẹ́ ẹ lọ ra káàdì ẹ̀bùn ní ṣọ́ọ̀bù, bíi tàwọn olè?"

"Mo ní kò tíì dé ibẹ̀."

"Ó sì ní kẹ́ ẹ pe nọ́ḿbà orí lẹ́tà. Olè wo ló ń júwe àgọ́ ọlọ́pàá fún onílé?"

Bàbá Níkẹ́ dìde. Ó wọ yàrá lọ mú lẹ́tà náà, ó sì fi nọ́ḿbà orí rẹ̀ wé èyí tí Níkẹ́ ṣí fún un lórí ìkànnì ìjọba London. Wọ́n bára mu. Ó ní kí Níkẹ́ tún ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, bóyá àwọn olè ti wọ inú fóònù.

Ó pè. Wọ́n ń kọrin sí i létí títí tíì tó wà níwájú rẹ̀ fi tutù. Ọkùnrin Òyìnbó kan ló dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, Morọ́láyọ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló ń bójú tó fáìlì náà; àmọ́ ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ lónìí pé kí ẹnikẹ́ni má pe bàbá náà mọ́, pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, kí wọ́n rọra kọ̀wé sí i. Ojú ti Bàbá Níkẹ́. Lẹ́tà wo ló fẹ́ dé kí Fúráìdè tó pé?

Ọkùnrin náà wá béèrè pé nínú àwọn obìnrin méjì yìí, èwo gan-an ló kú?

"Àwọn méjèèjì," ni Bàbá Níkẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ.

Ọkùnrin náà bá a kẹ́dùn pé ó pàdánù èèyàn méjì.

"Rárá o! Ẹ gbé ọmọbìnrin yẹn fún mi."

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ èémí ẹnì kan tí kò fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Morọ́láyọ̀."

"Sà."

"Ọ̀rọ̀ àárọ̀ yẹn..."

"Mo ti gbàgbé ẹ̀, sà."

Bàbá Níkẹ́ tún ohùn ṣe. "Àwọn Sister ìjọ Àgùdà ló sọ ọ́ ní Bridget nígbà tó wọ ilé-ìwé wọn. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé London, Fẹ̀yìntọlá wúwo lẹ́nu wọn, ló bá ní kí wọ́n máa pe òun ní Bridget. Àwọn arúgbó tó ń tọ́jú kò mọ òmíràn. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀ rí."

Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì sọ̀rọ̀ obìnrin náà tó báyìí. Níkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mira.

"Ó ti tó, sà. Màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, màá sì buwọ́ lù ú lónìí. Owó náà á jáde." Ọmọbìnrin náà tún ní: "Kí lẹ̀yin máa ń pè é, sà?"

Ohùn Bàbá Níkẹ́ tún le. "Ṣé ìyẹn wà nínú fọ́ọ̀mù?"

"Rárá, sà."

Ó rọra gbé fóònù náà súnmọ́ ẹnu.

"Àyìnkẹ́," ó ní. "Má kọ ìyẹn sílẹ̀."