Omi Tó Wọ Ẹ̀jẹ̀ Télọ̀

Télọ̀ kì í bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ló fi ń jẹun láti kékeré. Ìtọ̀ ló dá a lágara. Kókó tó wà nídìí àpò ìtọ̀ ọkùnrin ló wú, tó fún ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ pa. Á dúró nílé ìtọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó.

Ìyàwó rẹ̀ á béèrè lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé, "Ṣé ó ti ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́!"

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò wo àìsàn. Ìyàwó yìí ló fà á lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní àwọn ò ní la ikùn rẹ̀ rárá. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ làwọn máa gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ kì wọlé, àwọn á máa fi gé kókó náà wẹ́wẹ́, omi á sì máa ṣàn níbẹ̀ láti ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò, káwọn lè ríran.

Bí wọ́n ti ń tì í wọlé, Télọ̀ pariwo pé, "Ìyàwó, tí mo bá jáde, màá tọ̀ dé ojú títì!"

Ojú ti ìyàwó níwájú àwọn nọ́ọ̀sì. "Ẹ̀yin yìí náà, ẹ ò ní dàgbà láé."

Kókó náà tóbi ju bí wọ́n ṣe rò lọ, iṣẹ́ sì pẹ́. Omi tí wọ́n ń lò gba ojú iṣan tí wọ́n ti gé yọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ara nìkan ni wọ́n fi oògùn pa kú, ojú rẹ̀ là kedere. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tó ń dàrú ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, gìrì ti gbé e.

Dókítà jáde wá, ó jókòó ti ìyàwó lórí bẹ́ǹṣì.

"Mà, omi wọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó mú iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn dín kù, ó sì ti kan ọpọlọ."

"Omi? Omi lásán?"

"Omi tí kò níyọ̀ ni. Ká ní oníyọ̀ ni, bóyá kì bá tí le tó báyìí. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni irú irin tá a ní níbí fi ń gé ẹran, kì í sì í bá omi oníyọ̀ ṣiṣẹ́."

Ìyàwó fẹ́ bínú, agbára ò gbé e. Òun ló ṣáà fà á wá.

Télọ̀ ò kú. Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ rẹ̀, ìtọ̀ ń ṣàn bí ti ọmọdé, inú àwọn nọ́ọ̀sì sì dùn. Ìyàwó sáré wọlé, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Télọ̀ wò ó pẹ̀lú sùúrù.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Mà. Ta lẹ wá kí?"

Wọ́n ní iyè rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Wọ́n gbé e lọ sílé, iyè náà ò padà. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti ń pè é ní "ìwọ" láti ìgbà omidan rẹ̀ ò yéé pè é ní "ẹ̀yin". Lọ́jọ́ kan, ìyàwó fún un ní omi mu, Télọ̀ dúpẹ́ bí àlejò: "Ẹ ṣé gan-an ni."

"Ẹ má pè mí ní ẹ̀yin mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ìyàwó yín ni mí."

Ojú ti Télọ̀. Ó tẹ orí ba.

"Ẹ má bínú, Mà," ló wí.