Ìwé Ara-Rẹ̀-Gbà-Á

Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn, wọn kì í ti ẹnikẹ́ni mọ́ yàrá òkùnkùn láìjẹ́ pé nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí ìwé pé ara onítọ̀hún gbà á. Òfin tó dára ni, létí ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lókèèrè. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n fi òfin náà dè.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n mú Télọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n ni, òun ló ń rán aṣọ gbogbo ọgbà. Wọ́n máa ń ka abẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́. Lánàá, ọ̀kan dín, inú kọ́là ẹ̀wù Télọ̀ ni wọ́n ti rí i. Ó fẹ́ fi rán ṣòkòtò tó ya mọ́ bàbá arúgbó kan nídìí nínú yàrá wọn. Ọjọ́ méje láìsí fèrèsé ni ọ̀gá wọ́dà, tó dúró tì wọ́n, dá fún un.

Nọ́ọ̀sì fetí sí àyà rẹ̀. Àyà ń súfèé. Ikọ́ fée ti wà lára rẹ̀ láti kékeré.

"Ọ̀gá, ara rẹ̀ ò gbà á o. Ọjọ́ méjì péré lè pa á níbẹ̀. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kó mú oògùn tó ń fín sẹ́nu dání."

"Nǹkan onírin kì í wọbẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Tẹ́ ò bá fọwọ́ sí i, kò burú. Ẹ ṣáà rántí bá a ṣe ṣe é nígbà yẹn."

Ó rántí. Ìgbà kan ṣoṣo tó kọ̀ láti fọwọ́ sí ti ẹlẹ́wọ̀n kan, gbogbo àwọn tó wà ní yàrá onítọ̀hún ni ọ̀gá fìyà jẹ: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìwẹ̀, láìrí ẹbí. Ọ̀gá mọ ọwọ́ òsì tí wọ́n fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi ń fà á mọ́ra ni kò mọ̀ pé òun ní.

Ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-an-yàn-an. Inú ń bí nọ́ọ̀sì, ẹ̀rù sì ń bà á. Kò sẹ́ni tó lè fẹjọ́ sùn. Gbogbo lẹ́tà tó ti kọ sókè, ọ̀dọ̀ ọ̀gá yìí kan náà ni wọ́n ń dá a padà sí.

Télọ̀ ló dá sí ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fọwọ́ sí i."

"Ṣé orí ẹ pé? Àbí o ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?"

"Mo gbọ́, mà. Ọ̀la ni àwọn ẹbí ń bọ̀. Ẹnì kan wà ní yàrá wa, ìyàwó ẹ̀ ń gbé ọmọ tuntun wá lọ́la, kò tíì fojú kàn án rí. Tí mo bá torí abẹ́rẹ́ kan fi ọmọ ẹ̀ dù ú, ojú wo ni n ó fi máa wò ó?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. "Ara mi gbà á. Ara télọ̀ le bíi kánfáàsì."

Ara rẹ̀ kò gbà á, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì mọ̀. Nọ́ọ̀sì wo àyà tó ń lọ sókè sódò níwájú rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé.

"Ẹ ṣeun, mà," ni Télọ̀ wí. "Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ yín sí fún yín."

Nọ́ọ̀sì kò lè ṣe àmín. Ọ̀gá wọ́dà ló bá a ṣe é, ó sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.