Pọ́ǹpù Tí Kò Kùn Mọ́

Nígbà tí ọmọ mi, Fikáyọ̀, ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Lẹ́kkí Free Zone ló ra báìkì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, nítorí iyanrìn ibẹ̀ máa ń gbé mọ́tò mì. Nígbà tó ń lọ sí Kánádà, ó tì í sábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé mi ní àdúgbò Abraham Adésànyà, ó ní kí n máa tan án ní gbogbo ọjọ́ Sunday kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má bàa kú. Mo ní ṣé èmi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ni yóò wá máa gun alùpùpù kiri àdúgbò. Ó ní, "Màmá, ẹ má gùn ún. Ẹ ṣáà máa tan án."

Mo ń tan án. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn ariwo rẹ̀. Ilé oníyàrá mẹ́rin ni ilé mi, èmi nìkan ni mo sì ń gbé inú rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá Fikáyọ̀ ti papò dà. Àwọn aládùúgbò mi ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á dojú kọ ọ̀nà márosẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá sì dé, wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́rí. Wọ́n ń kí mi o, wọn ò yájú. Ṣùgbọ́n "ẹ káàárọ̀ mà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè jókòó tì.

Fikáyọ̀ náà ń pè, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Á ní, "Màmá, ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé ẹ ti lo oògùn yín? Mà á pè yín padà." Kò ní pè padà. Mo bínú títí, ìbínú náà sú mi.

Ọjọ́ tí báìkì yẹn kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ ni nǹkan yí padà. Mo yí kọ́kọ́rọ́, mo tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì ń yí ṣùgbọ́n kò gbaná. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Fikáyọ̀ lórí WhatsApp. Kí n tó jókòó, ó ti pè, ojú rẹ̀ sì kún fóònù mi.

"Màmá, no wàhálà," ló wí. "A jọ máa wò ó ni."

Lójoojúmọ́ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òun bá ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́ lọ́hùn-ún, á pè mí, èmi náà á gbé àpótí lọ sẹ́yìn ilé. Ó ní kí n wò ó bóyá epo wà nínú táǹkì. Epo wà. Ó ní ṣé mi ò ti fọwọ́ kan bọ́tìnnì pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n ṣí ìjókòó, kí n yọ fíúsì kékeré kan jáde. Mo wọ awò ojú mi, mo gbé e sókè sí oòrùn, wáyà inú rẹ̀ kò já.

"Ó dáa, Màmá, ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tẹ bọ́tìnnì. Tí pọ́ǹpù tó ń fa epo bá ń ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kùn díẹ̀ bí oyin."

Mo yí i. Àwa méjèèjì tẹ́tí. Kò kùn.

"Pọ́ǹpù yẹn ni," ló wí. "Kò fa epo sókè."

Láàárín gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ mìíràn ń wọlé. Ó ní òtútù ń jẹ òun létí, pé òun ń dá ẹ̀fọ́ rò, ó sì ń jóná mọ́ òun lọ́wọ́. Mo ní àfi bó ṣe jọ bàbá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi fẹ́ẹ̀ há a lọ́fun. Mo sọ fún un pé ilé yìí ti tóbi jù fún mi, kò sì sọ pé òun á pè mí padà. Inú mi dùn lọ́sẹ̀ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò pè mọ́. Mo fi ohùn ránṣẹ́ pé, "Fikáyọ̀, pọ́ǹpù yẹn ò ṣe nǹkan kan o. Mo tún wò ó láàárọ̀ yìí. Tí àyè bá yọ, pè mí ká jọ wò ó." Ó fi èsì ránṣẹ́ pé ó ti yé òun, pé ẹnì kan ń bọ̀.

Ẹni tó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni Ishaq, púlọ́ńbà kan tó ń gbé ní Igbó Ẹfọ̀n. Ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi.

"Ẹ káàsán mà. Bọ̀ọ̀dá Fikáyọ̀ ní pọ́ǹpù yín ò sun mọ́."

Èyí tó ń da omi sínú kòkò mi nílé ìdáná, pọ́ǹpù ni. Èyí tó ń fa epo, pọ́ǹpù náà ni. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù wo ni èmi àti ọmọ mi ti ń wò láti ọjọ́ yìí wá? Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dé ìdajì kó tó wá ẹni tí yóò fi dí mi lẹ́nu. Ó dùn mí dénú egungun. Mo ṣí ti ilé ìdáná fún Ishaq, omi tú yàà. Mo ṣí ti balùwẹ̀, omi tú yàà.

"Màmá, omi yín mà ń sun dáadáa."

"Mo mọ̀," ni mo wí. Ìbínú ni mo fi mú un lọ sẹ́yìn ilé pé kó wá wo pọ́ǹpù tí mò ń sọ.

Ishaq rẹ́rìn-ín. "Haà, this one no be my work o, Màmá. Omi lèmi mọ̀." Síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yẹ ìdí táǹkì wò. "Àmọ́ pọ́ǹpù bọ̀hólù náà, tí wọn ò bá lò ó déédéé, ó máa ń gan. A kàn máa ń gbá a nídìí díẹ̀ ni."

Ó fi ẹ̀yìn sípánà kan ìsàlẹ̀ táǹkì náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn àgbàlagbà. Ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Mo yí i, ó kùn. Mo tẹ bọ́tìnnì, ariwo gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Inú Ishaq dùn ju tèmi lọ. Ó ní àfi kí n pe Bọ̀ọ̀dá kí wọ́n gbọ́ ọ. Mo pè é.

"Ṣé báìkì nìyẹn? Ó ti ṣiṣẹ́! Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ó ti tán nìyẹn, ọkàn mi balẹ̀. Mà á pè yín padà."

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, mo gbé àpótí lọ sẹ́yìn ilé bí mo ṣe máa ń ṣe. Fóònù ò dún. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni, àti lẹ́yìn ìyẹn. Mo tan báìkì, mo jókòó tì í, ariwo tí mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ wá ń bí mi nínú. Ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Mi ò lè sọ fún ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù pé àárò rẹ̀ ń pa mí. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá sóòrùn.

Mo pa báìkì náà. Mo gbé fóònù sẹ́nu.

"Fikáyọ̀, ó tún ti kú o. Pọ́ǹpù tó ń fa epo ni mò ń wí, kì í ṣe ti omi."

Kò pẹ́ tó fi pè. Mo rí i tó ń jẹun, etí rẹ̀ pọ́n.

"Màmá, ẹ má bínú ti ìjọsí, mi ò gbọ́ ohùn yín tán ni. Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́."

Mo gbé fóònù síbẹ̀. Mo di kọ́kọ́rọ́ mú. Tí mo bá yí i, yóò kùn, ọmọ mi á gbọ́ ọ, á dúpẹ́, á sì lọ. Mi ò yí i.

"Ṣé ẹ ti yí i?"

"Mo ti yí i, ọmọ mi."

Ó tẹ́tí sí i. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni Fikáyọ̀ wí. "Ẹ dúró, Màmá, ẹ má tíì lọ."

Mo ní mi ò lọ síbì kankan.