Oúnjẹ Tí Mbarka Sè fún Mi

Ọjọ́ Sátidé ni ìròyìn náà dé àdúgbò wa. Rédíò ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa: bọ́ǹbù ti dún láàárín ìgboro Kasabilánkà ní alẹ́ Jímọ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló so ó mọ́ra, wọ́n wọ ilé oúnjẹ kan lọ, wọ́n sì kú pẹ̀lú àwọn tó ń jẹun níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi nígbà náà. Mo gbọ́ ọ, mo sì mọ̀.

Jawad, ọmọ mi kan ṣoṣo, kò sùn sílé. Lọ́sàn-án Jímọ̀, lẹ́yìn tí a jẹ kúskúsù tán, ó wẹ̀, ó gé èékánná, ó wá fi ẹnu ko orí mi.

"Màmá, ẹ foríjì mí."

"Kí lo ṣe?"

"Gbogbo ohun tí mo ti ṣe láti kékeré ni."

Bí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ṣe máa ń tọrọ ìdáríjì kí wọ́n tó gbéra ló ṣe tọrọ tirẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àláájì ọ̀la, o ò tíì fọ abọ́ tó o fi jẹun o." Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní mo ti dárí jì í. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Jawad máa ń ta ìbọ̀sẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ní òpópónà tí ilé oúnjẹ náà wà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò béèrè ibi tó wà, tí mo sì ní kò wálé, àwọn fúnra wọn ló parí ọ̀rọ̀ náà fún mi. Wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ní wọ́n ti pa á mọ́ àwọn aláìṣẹ̀. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mbarka, tí ilé páànù rẹ̀ fara ti tèmi, ló kọ́kọ́ gbé ìkòkò dé. A kì í dáná nílé òkú fún ọjọ́ mẹ́ta. Aládùúgbò ló ń sè é.

"Dìde nídìí iná yẹn," ó ní. "Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án? Ṣé èmi náà ti kú ni?"

"Ebi ò pa mí, Mbarka."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ebi? Jókòó síbẹ̀. O ti gbẹ bíi sàdíìnì inú oòrùn, o tún fẹ́ máa gbààwẹ̀."

Ghita, àgbàlagbà tó ń gé kárọ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tọ́ ọbẹ̀ náà wò, ó yọ ahọ́n. "Iyọ̀ rèé, Mbarka! Lahsen ọkọ ẹ mà ní sùúrù o."

"Lahsen? Ẹ bi í bóyá ó ti ṣẹ́ oúnjẹ kù rí. Ẹ jẹ́ kó dé ná, ebi á ti fẹ́ pa á. Hótẹ́ẹ̀lì wọn ló dá a dúró. Ọlọ́pàá ń bi gbogbo olùṣọ́ òru léèrè ọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí."

Ó bu kúskúsù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ yí i roboto, ó sì fi í sí mi lẹ́nu bí ẹni ń fún ọmọ kékeré lóúnjẹ. Ó ní, "Gbé e mì, Zhor. Ọlọ́hun ló ni í, òun ló gbà á." Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì ní kékeré, Sísítà Solange, tó kọ́ mi níṣẹ́ abẹ́rẹ́, kì í jẹ́ ká rán òdòdó bo ibi tí òwú bá ti ṣì. A gbọ́dọ̀ tú u dé ibi àṣìṣe gan-an. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ wà ní ọ̀fun mi. Mo fi oúnjẹ Mbarka tì í padà sísàlẹ̀.

Bí ọ̀sán ṣe ń pọ́n, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ẹlẹgbẹ́ Lahsen níbi iṣẹ́ ni. Ó ti fìlà sọ́wọ́. Ó ní ọ̀rẹ́ wọn kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ náà. Ìyàwó ọ̀rẹ́ náà ń rọbí lálẹ́ àná, Lahsen sì lọ dúró níbẹ̀ dípò rẹ̀.

"Rárá o," ni Mbarka wí. Kúskúsù tútù kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Hótẹ́ẹ̀lì ni tèmi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ti ṣìlé."

Ọkùnrin náà kò lọ. Mbarka wo ìkòkò tó ń hó, ó wo gbogbo wa. Èmi ló wá dì mọ́.

"Zhor, wọ́n ti pa tiwa méjèèjì."

Mo gbá a mú. Ọlọ́hun ló mọ bí apá mi ṣe wúwo tó.

Lọ́jọ́ Ajé, ọlọ́pàá dé. Wọ́n tú ibùsùn Jawad, wọ́n kó ìwé rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí àwòrán rẹ̀ fi wà nínú ìwé ìròyìn, pẹ̀lú irùngbọ̀n tí mo fi ń yangàn pé ọmọ mi ti di olùfọkànsìn. Wọn kò fún mi ní òkú. N kò sì béèrè. Láti ọjọ́ náà, abọ́ ẹnikẹ́ni kò wọ ilé mi mọ́. Bí mo bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin á bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ yẹ̀ fún un kó pọn, kó má bàa bú gbàmù."

"Ìyá ẹni ọ̀run, ṣé ọmọ yín ti fi àga pamọ́ dè yín lọ́hùn-ún?"

Èyí kò dùn mí tó bí èèyàn ṣe lè rò. Ó tọ́ sí mi. Ohun tó ń tì mí lójú ni Mbarka. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó dé ìdí ẹ̀rọ náà nínú aṣọ funfun opó, ó sì gbọ́ wọn. Ó ní, "Ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ìyá wọn. Òun náà ò mọ nǹkan kan." Wọ́n sì fi mí sílẹ̀. Mo gbé omi mi lọ, n kò lè gbé ojú sókè. Àánú rẹ̀ dúró lórí irọ́ tí n kò pa, tí mo kàn jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Oṣù kan ni mo fi ń rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí mo ń padà.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, mo tẹ̀ lé e lọ sí ibi ìsìnkú. Ó jókòó lẹ́bàá sàréè Lahsen, ó sún fún mi.

"Jókòó. Ilẹ̀ ti gbóná, ṣọ́ra."

Mo dúró. "Mbarka, mo mọ̀."

"Kí lo mọ̀?"

"Láàárọ̀ Sátidé yẹn. Bí rédíò ṣe sọ ọ́ ni mo ti mọ̀ pé ọmọ mi wà lára wọn. Ó ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ mi."

Ẹnì kan ń ka Àlùkùránì lókèèrè.

"Nígbà tí mo fi oúnjẹ sí ẹ lẹ́nu ńkọ́?"

"Mo mọ̀."

"Nígbà tí mo dì mọ́ ẹ?"

"Mo mọ̀, Mbarka."

Ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Mo retí kó gbá mi létí. Ó ní, "Ká ní o sọ ọ́, ǹ bá ṣì se oúnjẹ náà fún ẹ. Bóyá n kì bá tí sè é o. Mi ò mọ̀." Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. "Má wá sílé mi mọ́."

"Mo ti gbọ́. Ṣé kí n kúrò níbí?"

"Ibí kì í ṣe ilé mi tí mo fi máa lé ẹ."

Ó lọ láì bojú wẹ̀yìn.

Afẹ́fẹ́ òkun ti gbá ọ̀rá àti bébà jọ sórí sàréè náà, ẹ̀gún sì ti hù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Lahsen, èmi ni o, Zhor, ìyá Jawad." Mo ṣa ọ̀rá náà kúrò níkọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ fa ẹ̀gún náà tu, láti ẹsẹ̀ lọ sókè.