Ọmọ Méjì Inú Fọ́tò

Àpá náà tún wà níbí. Lókè ojú òsì… Rárá, n kò ríran dáadáa. Jẹ́ kí n fẹ fọ́tò yìí sí i… Ó wà níbẹ̀. Lójú ọmọ tó jókòó lọ́tùn-ún, àpá kan. Lójú ọmọ tó jókòó lósì, àpá kan náà, ibì kan náà, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Èmi náà rèé níwájú kọ̀ǹpútà, tí mo ń fi ìka wá ẹ̀kẹta lójú ara mi. Mo sì rí i.

Ọlọ́run ọba. Irú ẹ̀rọ wo rèé?

Ọgbọ̀n ọdún ni fọ́tò yìí ti wà lára ògiri wa, láti Ìsẹ́yìn títí dé Kétu, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta méjì, ṣẹ́ẹ̀tì kan náà, àga kan náà. Èmi Táyé ni ti ọ̀tún, tí mo fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí ẹran rẹ̀ jẹ. Ti òsì, èyí tó ń rẹ́rìn-ín, Kẹ́hìndé ni. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Wọ́n ya fọ́tò, lẹ́yìn náà ló wá… A kì í sọ pé ìbejì kú. “Ẹnìkejì ẹ lọ sọ́jà,” ni Màámi máa ń wí, wọn á sì bu ẹ̀wà sí abọ́ kejì.

Ẹ̀rín yẹn ni mo fi mọ̀ ọ́n. Èmi afajúro, òun ọlọ́yàyà. Nígbà tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò, òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ọjọ́ tí Cecilia ní òun kò fẹ́ mi mọ́, iwájú rẹ̀ ni mo lọ jókòó sí. Mo ní, ìwọ ìbá ti mọ ohun tó yẹ kó o sọ fún un.

Ọlọ ni mo ṣubú lù tí mo fi ní tèmi. Àbí ìbejì lè jọ ṣubú lu ọlọ kan náà ni? Ó lè ṣẹlẹ̀… Bọ́tìnnì ńkọ́? Bọ́tìnnì kejì ti já lára ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì, òwú tó yọ síta sì gùn dọ́gbadọ́gba. Táyé, má tan ara rẹ. Ọmọ kan ni. Onífọ́tò gbé e jókòó sọ́tùn-ún, ó yà á, ó gbé e jókòó sósì, ó tún yà á, ó wá lẹ méjèèjì pọ̀. Ìlà sì kù sí àárín.

Ìlà yẹn. Màámi ní ibi tí fọ́tò ti ká ni. Láàárọ̀ yìí, ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòsí níhìn-ín, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́: “Bá mi fẹ̀ ẹ́ kó tóbi. Kó o sì bá mi yọ ìlà àárín yẹn kúrò, ojú mi ò gbà á mọ́.” Aago mẹ́rin ni wọ́n máa padà wá. Aago mẹ́ta ti kọjá.

Mo lè yọ ọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kò sí ojú tó máa mọ̀ láéláé. Lánàá, nínú fọ́tò, mo gbé kóòtù wọ bàbá apẹja kan láti Agboyi tí kò wọ kóòtù rí. Ó wo ara rẹ̀ títí, ó bọ́ fìlà, ó kí ara rẹ̀. Mo ti gbé Vivian, oníbàárà wa kan, lọ sí Amẹ́ríkà láìkúrò lórí àga yìí. “Computer kì í parọ́,” ni ọ̀gá mi Jìmí máa ń sọ fún oníbàárà tó bá ń jiyàn, irọ́ la sì ń tẹ̀ jáde láti àárọ̀. Àmọ́ irọ́ onífọ́tò àtijọ́ ní àpá. Tèmi kò ní í ní. Bí mo bá yọ ìlà yìí, lọ́jọ́ iwájú àwọn ọmọ mi á máa nawọ́ sí ojú tèmi, wọn á máa pè é ní Daddy Kẹ́hìndé. Ẹ̀rọ tó fi òtítọ́ hàn mí náà ló tún fẹ́ bá mi sin ín. Agbára yìí ju èèyàn lọ, abẹ́ ìka mi ló sì wà… Ẹnu yà mí.

N kò rí Kẹ́hìndé rí. Ara mi ni mo ń kí láti ọjọ́ yìí. Ara mi ni mo ń rojọ́ Cecilia fún, òmùgọ̀ ọkùnrin… Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn mí wọra. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì. Bí Màámi bá dé, màá bi wọ́n. Màá ní, Màámi, ta ni ọmọ yìí? Lójú gbogbo oníbàárà? Ṣé ọmọ lo jẹ́ ni, àbí ọlọ́pàá?

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn… Bó bá jẹ́ èmi, kí ló pa mí lẹ́rìn-ín? Fẹ̀ ẹ́ sí i. Ojú ni kí n wò.

Hẹ̀n. Ti ọ̀tún ń wo kámẹ́rà. Ti òsì kò tilẹ̀ wò ó. Ẹ̀gbẹ́ ló ń wò, ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Bí ọmọdé ṣe ń ṣe nìyẹn tí ìyá rẹ̀ bá pè é. Màámi ló dúró síbẹ̀. Wọ́n pè mí. Wọ́n pè mí ní kí ni?

Dúró ná. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ìyá Ràhmát tó bá wa gbélé ń béèrè ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí, wọn kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màámi ní: “Ọjọ́ yẹn ni mo pe orúkọ ẹ̀ kẹ́yìn. Ó sì dáhùn.” Mo gbọ́ ọ, mo fi ṣe ẹ̀rí pé ó ṣì wà lọ́jọ́ náà. Àṣé Kẹ́hìndé kò sí mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ti lọ sọ́jà. Lóòótọ́, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wọn rí.

Kẹ́hìndé. Wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ onífọ́tò, wọ́n pe Kẹ́hìndé, ọmọ tó wà lórí àga sì yíjú sí wọn, ó rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo dáhùn.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlà náà ṣì wà níbẹ̀. Màá yọ ọ́ o… tàbí kí n fi í sílẹ̀, n kò tíì mọ̀. Àmọ́ n kò ní í bi wọ́n ní nǹkan kan. Bó bá tún wù wọ́n láti pe orúkọ yẹn lónìí, níwájú kọ̀ǹpútà yìí, mo ti mọ ẹni tó máa dáhùn.